Ojúhò Méjì Nínú Ìbọn Ọdẹ́jìnmí

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin ará oko. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọdé bọ́ síwájú, kí àwọn àgbà rí ibi fẹ̀yìn tì. Ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ, kó tètè lọ mu omi, nítorí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, mi ò ní dúró de ẹnì kan. Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ti sùn nínú ihò kan náà pẹ̀lú òjòlá, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òjòlá ló kọ́kọ́ sá jáde. Ẹ má rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni! Ṣùgbọ́n ìtàn ọjọ́ òní kì í ṣe tèmi. Ti Ọdẹ́jìnmí ará Agbédè ni, ọdẹ tí ó dàgbà jù mí lọ. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sọ ọ́ fún mi, kò sì tún un sọ mọ́ títí ó fi kú.

Ọdẹ́jìnmí yìí ga, ó síngbọnlẹ̀, ó sì fẹ́ràn kí a máa pe orúkọ òun. Bàbá rẹ̀ ló mú òyìnbó kan tí ó ń wọn ilẹ̀ la igbó já láyé àtijọ́, nígbà tí òyìnbó náà sì ń padà sílé, ó fún bàbá náà ní ìbọn ìléwọ́ kan. Ìbọn yìí ló di ti Ọdẹ́jìnmí. Ó kéré, ó sì ti gbó, ṣùgbọ́n kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo agbègbè wa. Ó ní àgbá kékeré kan láàárín, àgbá náà ní ojúhò mẹ́fà, ọta kan sì ń wọ inú ojúhò kọ̀ọ̀kan. Bí ìka bá ti fà á, àgbá a yí, ojúhò mìíràn a bọ́ sí iwájú òòlù ìbọn, òòlù a sì já lu ọta. Ọta rẹ̀ náà yàtọ̀. Àárín ìdí ni a ń gbá ọta òde òní, ṣùgbọ́n ti ìbọn yìí, etí ìdí rẹ̀ ni iná fara pamọ́ sí yíká. Òòlù gbọ́dọ̀ lu etí ọta yẹn, kó tẹ̀ ẹ́ mọ́ etí ojúhò pẹrẹsẹ, kí iná tó lè ràn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí orí rẹ̀ ni ẹni kan kú sí.

Orúkọ ẹni náà ni Àjàgbé. Ọ̀rẹ́ Ọdẹ́jìnmí ni, wọ́n jọ ń ṣọdẹ ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, tí oòrùn wà ní àtàrí, àwọn méjèèjì pàdé àmọ̀tẹ́kùn ní ìdí àpáta. Àjàgbé yin ṣakabùlà rẹ̀, ó bà á ní ìbàdí, kò pa á. Ẹranko náà yí padà pẹ̀lú ìbínú. Àjàgbé fẹ́ sá sẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ gbòǹgbò, ó ṣubú. Ọdẹ́jìnmí kò jìnnà ju ìṣísẹ̀ méje lọ. Ó na ìbọn ìléwọ́ rẹ̀, ó fà á.

Kẹ́.

Ó tún un fà. Kẹ́.

Ó fà á lẹ́ẹ̀kẹta, ó dún gbòlà, àmọ̀tẹ́kùn sì fò wọ inú igbó. Ṣùgbọ́n ó ti bá ọ̀fun Àjàgbé ṣe ohun tí ó fẹ́ ṣe. Ọkùnrin náà wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó la ẹnu bí ẹni tí ó fẹ́ béèrè nǹkan, ẹ̀jẹ̀ ni ó jáde dípò ọ̀rọ̀.

Ọdẹ́jìnmí gbé òkú náà lé èjìká wọ ìlú. Wọ́n sin ín, wọ́n sunkún. Lẹ́yìn ìsìnkú, Olúọ́dẹ, àgbà tí í ṣe olórí gbogbo ọdẹ, pe ìpàdé sí abẹ́ igi ọ̀dán, ó sì ní kí Ọdẹ́jìnmí sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó sọ ọ́. Olúọ́dẹ na ọwọ́, ó gba ìbọn náà, ó kọ ẹnu rẹ̀ sí òfuurufú, ó sì fà á. Gbòlà!

"Ìbọn ń dún o," ẹnì kan sọ láti ẹ̀yìn.

Gbogbo ojú wá yí sí Ọdẹ́jìnmí. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, òun àti Àjàgbé jọ ń fẹ́ ọmọbìnrin kan náà, Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀, Àjàgbé ni wọ́n sì fà á fún. Lóòótọ́, Ọdẹ́jìnmí jó níbi ìgbéyàwó náà, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn, abẹ́ igi ọ̀dán, kò sí ẹni tí ó rántí ijó tí ó jó.

Àwẹ̀ró dìde nínú aṣọ ọ̀fọ̀. Láti ọjọ́ tí ó ti wọ ilé ọkọ, "ẹ" ni ó máa ń pe Ọdẹ́jìnmí nítorí pé ó dàgbà ju ọkọ rẹ̀ lọ. Ọjọ́ yìí kò pè é bẹ́ẹ̀.

"Ọdẹ́jìnmí," ó ní, "ṣé ìbọn ló kọ̀ ni, àbí ọwọ́ rẹ?"

Ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ la ẹnu, kò rí nǹkan sọ. Kì í ṣe pé ó fẹ́ purọ́. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ni. Láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ ni ó ti ń wo ìka rẹ̀. Ṣé ó fà á dáadáa? Ṣé kò falẹ̀ díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá mí ẹ̀ẹ̀kan péré? Nǹkan kan ń jẹ ẹ́ láyà tí kò lè fi ẹnu pè.

Olúọ́dẹ dá ìbọn padà fún un. "Obìnrin alágbẹ̀dẹ kan wà ní ìkángun Igbó Àdákẹ́," ó ní. "Ìyá Arọrin ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n ní irin kì í purọ́ níwájú rẹ̀. Gbé ìbọn yìí tọ̀ ọ́ lọ. Bí o bá padà wá, wàá dáhùn obìnrin yìí níwájú gbogbo wa. Bí o kò bá padà wá, a ó mọ̀ pé o ti dáhùn."

Ọdẹ́jìnmí kó ọta sínú àpò, ó wọ Igbó Àdákẹ́ lọ.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, igbó kan wà tí ẹyẹ ń la ẹnu tí a kò gbọ́ orin. Igi ń wó níbẹ̀, bí ìgbà tí ìyẹ́ bá já bọ́ ni. Ọdẹ́jìnmí pariwo orúkọ ara rẹ̀, kò gbọ́ ọ. Ohun tí ó kọ́kọ́ gbọ́ nínú igbó náà ni ikọ́, ikọ́ ńlá tí ó ń mi ilẹ̀. Ó yọ sí iwin kan tí ó jókòó sí ẹnu ihò, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, èéfín ń jáde ní imú rẹ̀, ní etí rẹ̀, àti láàárín eyín rẹ̀. Agbéèéfínmì ni orúkọ rẹ̀. Gbogbo èéfín tí ìbọn ayé ń tú jáde, ọ̀fun rẹ̀ ni ó ń wọ̀ sí.

"Ta ni ìwọ," ó ní, "tí o gbé ọ̀fun dídí wọ inú igbó mi?"

"Èmi Ọdẹ́jìnmí ni!" Ọdẹ́jìnmí na àyà. "Ọmọ ẹni tó mú òyìnbó la igbó já! Bí mo bá rìn, ẹkùn a yà lọ́nà! Bí mo bá sín, erin a bẹ̀rù!"

Iwin náà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. "Àmọ̀tẹ́kùn kan kò yà fún ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá," ó ní.

"Gbọ́ ààlọ́ mi," Agbéèéfínmì ní. "Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, màá gbé ọ mì bí èéfín. Ilé kan ní yàrá mẹ́fà, ó ní àlejò mẹ́fà. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, síbẹ̀ àwọn àlejò ò lè wọlé tán, gbogbo wọn yọ ìdí síta. A gbá ọ̀kan nídìí kó lè ké. Kò ké, ńṣe ló kàn wọlé. Kí ló dí yàrá?"

Ọdẹ́jìnmí ronú títí òógùn fi bò ó. Ó ṣí ìbọn rẹ̀, ó gbé àgbá sójú oòrùn, ó yọjú wo inú ojúhò. Ó rí òróró àtijọ́ tí ó ti di gọ́ọ̀mù, àti èérú ẹ̀tù tí ó dì mọ́ ara irin. Ó ti ọta bọ̀ ọ́, ọta náà kò wọlé tán.

"Ìdọ̀tí ni," ó ní. "Agbára tí òòlù ì bá fi tan iná ni ó fi ti ọta wọlé."

"O mọ̀ ọ́n. Wàyí o, kọ́kọ́ fọ tèmi kí o tó fọ tìrẹ."

Iwin náà la ẹnu. Ọdẹ́jìnmí di kànrìnkàn mú, ó ki apá rẹ̀ bọ ọ̀fun náà dé èjìká. Inú rẹ̀ gbóná, ó ń fún, ó ń tú, àwọn nǹkan tí kò lójú sì ń já a jẹ ní ọwọ́. Ó fọ̀ ọ́ láti òwúrọ̀ títí di ìyálẹ̀ta ọjọ́ kejì. Nígbà tí ó fa apá yọ, irun kan kò kù lára rẹ̀, kò sì hù mọ́ títí ó fi kú. Mo rí apá náà. Ó ń dán bí ìgò.

Lẹ́yìn náà ni ó fi àdín àti igi tẹ́ẹ́rẹ́ fọ ojúhò ìbọn rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi mọ́. Ó ti ọta mẹ́fà bọ̀ ọ́, gbogbo wọn wọlé, wọ́n jókòó dáadáa. Inú rẹ̀ dùn. Ó kọjú ìbọn sí àpáta, ó ń fà á. Mẹ́rin dún. Méjì ò dún.

Ó jókòó sílẹ̀, ojú rẹ̀ wà ní ilẹ̀. "Ẹ ní mo mọ̀ ọ́n, pé ìdọ̀tí ni," ó sọ fún iwin náà.

"Mo gbà pé ìdọ̀tí wà níbẹ̀," Agbéèéfínmì dáhùn. "Mi ò sọ pé òun nìkan ló wà níbẹ̀. Máa lọ."

Ó ń lọ títí ó fi dé ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Kánjú. Ní ìlú yìí, wọ́n á ti dáhùn kí o tó béèrè, wọ́n á ti bu oúnjẹ kí ó tó jinná. Ohun tí ó dẹ́rù bà á jùlọ ni ọwọ́ wọn. Kò sí ẹnì kan tí ìka rẹ̀ pé. Àwọn kan ní ìka méjì, àwọn kan kò ní rárá, ojú àwọn mìíràn sì ti fọ́. Ọba wọn, Ọlọ́wọ́kùkùté, jókòó sórí àga, ó gbé apá méjì tí kò ní ọwọ́ lé itan.

"Yin ín ká wò ó!" ni àwọn ará ìlú ń ké kí ó tó kí ọba tán.

Ó kọjú ìbọn sí òkè kan tí kò sí ènìyàn níbẹ̀, ó fà á. Kẹ́.

"Ṣí i!" gbogbo wọn hó lẹ́ẹ̀kan náà. "Ṣí i ká wo inú rẹ̀! Òfin ìlú wa ni! Ẹni tí kò bá ṣí i kíá, inú kòtò ni à ń jù ú sí!"

Ṣùgbọ́n bàbá Ọdẹ́jìnmí ti kọ́ ọ pé ìbọn tí ó kọ̀ lè máa rò ó lọ́wọ́. Bí kò bá dún, má ṣí i, má wo ẹnu rẹ̀, dì í mú síbẹ̀ kí ó kọjú sí ibi tí kò sí ẹ̀mí, kí o máa kà. Ọdẹ́jìnmí na ọwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí kà lọ́kàn. Ení. Èjì. Ẹ̀ta. Wọ́n sọ ọ́ ní òkò, òkò bà á ní ẹ̀gbẹ́. Wọ́n da omi gbígbóná sí i lẹ́sẹ̀. Ó dé ogún. Wọ́n fi okùn dè é lọ́rùn, wọ́n ń fà á lọ sí ẹnu kòtò. Ó dé ọgbọ̀n. Nígbà náà ni obìnrin kan jáde láàárín wọn, ohùn Àwẹ̀ró gan-an ni ó fi sọ̀rọ̀.

"Apààyàn! Kí lo tún ń dúró dè? Bí o ṣe dúró nìyẹn tí ọkọ mi fi kú!"

Omi bọ́ lójú Ọdẹ́jìnmí. Ó sọ fún mi pé gbogbo ìyà tí òun jẹ nínú igbó náà, kò sí èyí tí ó tó ti ohùn yẹn. Ṣùgbọ́n kò sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ogójì. Ọ̀kànlélógójì. Nígbà tí ó dé ẹẹ́rìnlélógójì, ìbọn náà dún fúnra rẹ̀, gbòlàà! Orí òkè náà sì fọ́ yángá.

Ìlú Kánjú dákẹ́. Ó dà bí ẹni pé ọjọ́ tí wọ́n ti tẹ ìlú náà dó, wọn ò dákẹ́ rí. Ọba wọn bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, kò ní ọwọ́ tí yóò fi nu ojú.

"Ká ní mo kà dé ẹẹ́rìnlélógójì," ó ní. "Ẹ tú okùn lọ́rùn àlejò yìí. Ọdẹ, jókòó. Ọta tó ti jẹ òtútù ni ìyẹn, iná etí rẹ̀ kò pé mọ́. Ta àwọn ọta rẹ sílẹ̀, kí a ṣa àwọn tó ti ń yọ ìpáàrà kúrò."

Wọ́n ṣà wọ́n. Lẹ́yìn náà ọba ní kí ó fi ẹfun kọ àmì sí ẹ̀gbẹ́ ojúhò kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kan fún èkíní, méjì fún ìkejì, títí dé mẹ́fà. "Bí ọ̀kan bá kọ̀, kà á dáadáa, yọ ọta náà, yí i sí ẹ̀gbẹ́ mìíràn, kí o gbé e lọ sínú ojúhò tó ń dún. Bí ó bá dún níbẹ̀, ẹjọ́ kì í ṣe ti ọta, ti ojúhò ni."

Ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi ṣe é, ìlú Kánjú sì kọ́ sùúrù fún ọjọ́ méjì náà. Ọta tí ó kọ̀ nínú ojúhò kẹta dún nínú èkíní. Èyí tí ó kọ̀ nínú ìkẹrin dún nínú ìkarùn-ún. Ọta yòówù kó jẹ́, bó ṣe wù kó tuntun tó, bí ó bá ti bọ́ sínú ìkẹta tàbí ìkẹrin, kẹ́ ni.

"Ṣé kì í ṣe pé sípíríǹgì tí ń ti òòlù ló ti rẹ̀?" Ọdẹ́jìnmí béèrè.

"Bó bá jẹ́ òun ni, gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni ì bá jìyà rẹ̀," ọba ní. "Ojúhò méjì yìí ni."

Ọdẹ́jìnmí fò sókè. "Ìbọn ló kọ̀ nígbà náà! Kì í ṣe ọwọ́ mi! Mo ń lọ sílé!"

Ọlọ́wọ́kùkùté wò ó. "Bí obìnrin tó ń retí ìdáhùn rẹ nílé bá béèrè ohun tó ṣe ojúhò méjì náà ńkọ́?"

Ọdẹ́jìnmí dúró. Ó wo ọ̀nà ilé, ó wo ọ̀nà tí ó wọ inú igbó lọ. Nǹkan tí ń jẹ ẹ́ láyà tún bù ú jẹ. Inú igbó ni ó gbà.

Ilé Ìyá Arọrin wà lábẹ́ àpáta kan tí ó ń mí. Bí àpáta náà bá mí sínú, iná ààrò rẹ̀ a lọ sílẹ̀, bí ó bá mí síta, iná a gbà. Gbogbo ògiri rẹ̀ jẹ́ irin: ọkọ́ àti àdá, ọfà àti ọ̀bẹ, ìbọn tí ẹnu wọn ti bẹ́. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Àdá kan ń ka orúkọ ẹni tí wọ́n fi òun gé. Ọkọ́ kan ń sunkún nítorí pé wọ́n fi òun gbẹ́ sàréè ọmọ. Obìnrin náà ga ju ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ, apá ọ̀tún rẹ̀ gùn ju ti òsì.

"Gbé e wá," ó ní. Kò kí i.

Ó gbé ìbọn náà sétí, ó tẹ́tí sí i pẹ́. "Fún mi ní ọta méjì tó kọ̀ lọ́jọ́ náà."

Ọdẹ́jìnmí yọ wọ́n láti inú aṣọ tí ó dì wọ́n sí láti ọjọ́ ikú Àjàgbé. Obìnrin náà yẹ̀ wọ́n wò. "Wo ibi tí òòlù ti lù wọ́n," ó ní. "Ó jìn. Òòlù wá pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Ọwọ́ rẹ kò falẹ̀. Ọjọ́ náà, o fẹ́ kó dún."

Ọdẹ́jìnmí ṣubú sórí eékún rẹ̀, ó ń dúpẹ́. Obìnrin náà kò dúró gba ọpẹ́. Ó mú ẹ̀gún kan, ó fi ẹ̀gún náà fa etí ojúhò èkíní. Ó ń yọ̀ lọ geere. Ó fà á dé ìkẹta, ẹ̀gún náà já sí kòtò. Ó fà á dé ìkẹrin, ó tún já sí kòtò.

"Etí ojúhò ló yẹ kó gba etí ọta dúró kí òòlù lè tẹ̀ ẹ́. Níbí, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Òòlù ń lù, etí ọta kàn ń wọ inú kòtò ni, kò tẹ̀, iná kò ràn. Òòlù ìbọn fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ kòtò yìí, nígbà tó ń bọ́ lu ojúhò tí kò ní ọta nínú. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ta ló ń yin ìbọn yìí lófìfo?"

"Mi ò mọ̀," Ọdẹ́jìnmí ní.

Gbogbo irin ara ògiri dákẹ́.

"Gbé ìka tí o fi ń yìnbọn wá," Ìyá Arọrin ní. Ó di ìka náà mú, ó gbé èékánná rẹ̀ sí etí ojúhò kẹta, ní ibi tí òòlù ń já sí. Ó fi ọwọ́ gígùn rẹ̀ kan ìbọn náà. "Sọ ọ́," ó sọ fún ìbọn.

Ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́. Kẹ́. Òòlù já lu èékánná. Kẹ́. Àgbá rọra yí padà bí ẹni pé àtàǹpàkò kan ń dá a padà sẹ́yìn. Kẹ́. Kẹ́. Ó tún yí padà. Ọdẹ́jìnmí ké, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, èékánná ti dúdú. Ní ìgbà igba, ó ti bọ́. Ìbọn kò dúró. Nígbà tí ó wá ku egungun lásán, ohùn ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí bá ìró náà rìn, ohùn tó ń sọ nǹkan wúyẹ́wúyẹ́. Kẹ́. "Àjàgbé." Kẹ́. "Àjàgbé."

Ohùn ara rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín bó ṣe sọ ọ́ fún mi. Nígbà tí wọ́n fa Àwẹ̀ró fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó jó, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ sílé. Àṣà bàbá rẹ̀ ni pé bí ìbọn bá wà nílé, ọta mẹ́rin ni kó wà nínú rẹ̀, kí ojúhò méjì ṣófo, kí ó má baà ṣèèṣì dún. Lọ́jọ́ kejì ìgbéyàwó, ó mú ìbọn náà jókòó sẹ́yìn ilé, ó kọ ẹnu rẹ̀ sí igi àgbálùmọ̀ kan, ó pe orúkọ Àjàgbé, ó sì fa ojúhò méjì tí ó ṣófo. Ó tu ú nínú. Ó fi àtàǹpàkò dá àgbá padà, ó tún fà á. Lọ́jọ́ tó tẹ̀lé e, ó tún ṣe é. Ó wá di nǹkan tí ó ń ṣe lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán bí ẹlòmíràn ṣe ń jẹ obì. Ọdún mẹ́wàá. Lẹ́yìn rẹ̀, yóò dìde, yóò lọ sí ilé Àjàgbé, wọn á jọ ṣeré. Kò fi ọ̀kan wé èkejì rí.

"Mi ò fẹ́ kó kú," ó sọ nígbà tí ìbọn dákẹ́. Ó di ìka rẹ̀ mọ́ àyà. "Ìyá, mo búra. Ìró rẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ gbọ́."

"Mo gbà ọ́ gbọ́," Ìyá Arọrin ní. "Irin yìí kò mọ ìyẹn." Ó mú irin kékeré kan nínú iná. "Mo lè gbé etí méjèèjì dìde, kí n fi ayùn rẹ́ wọn. Yóò dún lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Kò sí ojú kan láyé tí yóò rí i pé nǹkan ṣe é rí. Wàá sọ fún wọn pé ọta òtútù ni, ìyẹn náà kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ṣé kí n tún un ṣe?"

Ọdẹ́jìnmí wo irin náà bó ṣe ń pọ́n. Àpáta mí sínú, ó mí síta, lọ́pọ̀ ìgbà.

"Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà," ó ní.

Mi ò ní sọ bó ṣe padà. Ẹni tí ó rí irú nǹkan báyìí kì í rí ọ̀nà tí ó ń rìn. Mo mọ̀ pé ó dé Agbédè ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó rù, ìka rẹ̀ wà nínú aṣọ, Olúọ́dẹ sì pe gbogbo ìlú jọ sí abẹ́ igi ọ̀dán. Ọdẹ́jìnmí kó ọta kúrò nínú ìbọn, ó gbé e fún àgbà náà pẹ̀lú ẹ̀gún kan. Ó ní kí ó fi fa etí ojúhò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Olúọ́dẹ fà á. Ó fún ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun náà fà á. Ìbọn náà lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, wọ́n ń mi orí.

"Ó hàn gbangba," Olúọ́dẹ ní. "Ojúhò méjì ti bàjẹ́. Tèmi dún nítorí pé ọwọ́ mi bọ́ sí èyí tó dára. Ọdẹ́jìnmí, ẹ̀bi kò sí lọ́rùn rẹ. Ìbọn ló kọ̀."

Àwọn ọdẹ hó yè. Ẹnì kan ti ń dì mọ́ ọn. Ẹ wò ó, ó lè parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró kò tíì dìde. Ìbọn náà ti dé ọwọ́ rẹ̀, ó ń fi ìka kan rọra pa kòtò méjì náà.

"Kí ló ṣe é?" ó béèrè.

Ọdẹ́jìnmí yọ ara rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó dì mọ́ ọn, ó lọ dúró níwájú rẹ̀, ó sì sọ ọ́. Ó sọ ti igi àgbálùmọ̀, ó sọ orúkọ tí ó ń pè. Kò fi nǹkan kan pa mọ́. Ariwo inú agbo náà kú díẹ̀díẹ̀ títí ó fi jẹ́ pé ohùn rẹ̀ nìkan ni ó kù.

"O bi mí bóyá ìbọn ni tàbí ọwọ́ mi," ó ní. "Ìbọn ló kọ̀. Ọwọ́ mi ló kọ́ ọ bí yóò ṣe kọ̀."

"Ọdún mẹ́wàá," Àwẹ̀ró ní.

"Ọdún mẹ́wàá."

"O sì ń jẹun nílé wa."

"Mo ń jẹun nílé yín."

Obìnrin náà wò ó, kò sunkún. "Ìwọ nìkan lo mọ̀ ọ́n. O lè má sọ ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí ló dé tí o sọ ọ́?"

Àwẹ̀ró gbé ìbọn náà sílẹ̀ nínú erùpẹ̀, ó fa aṣọ rẹ̀ mọ́ra, ó sì rìn lọ sílé. Kò sí ẹni tí ó tẹ̀lé e. Àwọn ọdẹ wo Olúọ́dẹ pé kó dá ẹjọ́. Àgbà náà dìde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, kò dá a, ó bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni gbogbo wọn ń lọ, títí ó fi ku Ọdẹ́jìnmí nìkan lábẹ́ igi náà.

Láti ọdún yẹn, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, Ọdẹ́jìnmí a gbé ọkọ́, a lọ sí oko tí Àjàgbé fi sílẹ̀, a kọ ebè rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwẹ̀ró a wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n á máa gbin iṣu tẹ̀lé e. Kì í kí i. Kò sì lé e rí.

Ibi tí ó gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ sí fún mi nìyẹn, ibẹ̀ náà ni èmi yóò fi í sí. Ẹ dìde, kí oníkálukú máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀.